Ta Ni Yóò Sọ Irú Ọmọ Tí A Bí?

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Jẹ́nẹ́sísì 25:21-28
ÀKỌ́SÓRÍ: Jeremáyà 1:5

Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún ìyá kan nínú ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin pé kí ó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ babaláwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kan náà lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́, kí ó ṣí fóònù rẹ̀, kí ó fi ọjọ́ ìbí ọmọ náà wá àmì ìràwọ̀ rẹ̀, kí ó sì rí i kà pé Scorpio ni, pé ọmọ Scorpio a máa di ènìyàn sínú, a sì máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọmọ bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ ti mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sunkún nítorí pé inú ń run ún, wọn a ní ìwà Scorpio rẹ̀ ti dé. Ohun tí a ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Àwọn bàbá wa ní tiwọn. Bí a bá bímọ, wọn a lọ sọ́dọ̀ babaláwo ní ọjọ́ kẹta fún àkọsẹ̀jayé, láti bèèrè lọ́wọ́ Ifá irú ẹni tí ó wá sáyé, òrìṣà tí yóò máa bọ àti èèwọ̀ tí yóò máa pa mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọmọ ṣe wáyé pàápàá ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Èyí tí ó mú ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Èyí tí ó dojú bolẹ̀, Àjàyí. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Orúkọ àmútọ̀runwá ni wọ́n, àwọn àgbà a sì máa fi ìwà tẹ̀lé wọn. Ẹni tí a bí tẹ̀lé ìbejì ni Ìdòwú, olóríkunkun ni wọ́n sì kà á sí kí ó tó lè rìn. "Èṣù lẹ́yìn ìbejì" ni wọ́n ń pè é. Mélòó nínú wa ni kò mọ Ìdòwú kan tí wọ́n nà nítorí àwo tí ẹlòmíràn fọ́?

Ará, ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti àmì ìràwọ̀ ń ṣe lórí ọmọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èkejì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a sì máa ń rò pé ohun tí ó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè jẹ́ ìbọ̀rìṣà. Níbo ni àmì méjèèjìlá ti wá? Bábílónì ni, ó ti ju 2,000 ọdún lọ, kí àwọn Gíríìkì tó gbà á. Bábílónì yìí náà ni wòlíì Aísáyà bá wí nínú orí 47 ẹsẹ 13, níbi tí ó ti ní kí àwọn awòràwọ̀ wọn dìde wá gbà wọ́n bí wọ́n bá lè ṣe é. Wọn kò lè ṣe é.

Kódà, òfuurufú fúnra rẹ̀ kò gbè wọ́n mọ́. Ayé ń yí bí òkòtó tí ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà oòrùn kò sí níbi tí ó wà nígbà tí wọ́n pín àwọn àmì yẹn. Ẹni tí a bí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, tí wọ́n ń pè ní Aries, àárín àwọn ìràwọ̀ Pisces ni oòrùn wà ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní ọdún 1985, Shawn Carlson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, dán àwọn awòràwọ̀ wò. Ó ní kí wọ́n fi ìràwọ̀ ìbí ènìyàn mọ èwo nínú àpèjúwe ìwà mẹ́ta ni tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á, bí ẹni tí ó kàn ń méfò.

Ṣùgbọ́n a kò nílò sáyẹ́ǹsì kí a tó mọ èyí, pàápàá àwa Yorùbá tí a wà lára àwọn tí ń bí ìbejì jù lọ láyé. Padà sí Bíbélì kíkà wa. Oyún kan, ọjọ́ kan, èkejì di gìgísẹ̀ èkíní mú bọ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń pín ìwà, ọ̀kan náà ni ìwà Ísọ̀ àti Jákọ́bù ìbá jẹ́. Síbẹ̀ ọ̀kan di ọdẹ inú ìgbẹ́, èkejì jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tí ń gbé inú àgọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí inú Rèbékà dàrú nítorí oyún náà, Olúwa ni ó bi léèrè, kò wo òkè ka ìràwọ̀. Ìdáhùn tí Olúwa sì fún un jẹ́ nípa orílẹ̀-èdè méjì. Kò sọ fún un pé kí ó kórìíra ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, àwọn amòye tí ó rí ìràwọ̀ ní ìlà-oòrùn ńkọ́? Ìràwọ̀ yẹn darí wọn sọ́dọ̀ Ọba. Kò sọ fún Màríà bí ìwà ọmọ rẹ̀ yóò ti rí. Kódà kí wọ́n tó mọ̀ pé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni, ọ̀rọ̀ wòlíì Míkà ni wọ́n gbọ́ (Mátíù 2:4-6).

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òbí tí ó bá ti gba àmì gbọ́ kì í wo ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí a ń pè tí kì í dáhùn, tí a sì ti fi "Ìdòwú" tàbí "Taurus" ṣàlàyé rẹ̀, ó lè jẹ́ pé etí ń dùn ún, tàbí pé kò gbọ́ràn dáadáa. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí o tó mú pàṣán. Rákélì fi ìrora tirẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ ní Bẹnoni, ọmọ ìbànújẹ́. Baba rẹ̀ kò jẹ́ kí ó mọ́ ọmọ náà lórí. Ó pè é ní Bẹ́ńjámínì (Jẹ́nẹ́sísì 35:18). Ìyá Jábésì náà fi ìrora sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Jábésì ké pe Ọlọ́run, a sì gbọ́ tirẹ̀.

Èyí kò ní kí ẹni tí ń jẹ́ Àìná tàbí Ìgè sáré lọ yí orúkọ padà. Orúkọ náà sọ ọ̀nà tí ó gbà wá. Kò mọ ibi tí ó ń lọ. Àjàyí ni ọmọ Òṣogùn kan tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821. A rì í bọmi ní ọdún 1825, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú Bíbélì Yorùbá tí ìwọ gbé lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Samuel Àjàyí Crowther ni a ń pè é títí di òní.

Bí wọ́n bá ti ṣe àkọsẹ̀jayé fún ọ tàbí fún ọmọ rẹ kí o tó mọ Jésù, má bẹ̀rù. Ẹni tí ó mọ ọmọ náà kí ó tó dá a nínú ni Olúwa rẹ̀. Bí ìwé ìràwọ̀ bá wà nílé, ṣe bí àwọn ará Éfésù ti ṣe nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19:19. Èyí tí ó wà lórí fóònù, pa á rẹ́.

ÀDÚRÀ: Gbé ọwọ́ lé orí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí o sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Bí ó bá wà lókèèrè, dárúkọ rẹ̀ sókè. Sọ pé: Baba, ìwọ ni o dá ọmọ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ sí i nítorí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí ọ̀nà tí ó gbà wáyé, mo kó wọn kúrò lórí rẹ̀ lónìí ní orúkọ Jésù. Là mí lójú kí n rí i bí o ti dá a. Àmín.