Irinṣẹ́ fún ibi tí ojú kò dé: Ohun tó yẹ kí púlọ́ńbà àti wẹ́dà mọ̀ kí wọ́n tó náwó sí i

Láti Lẹ́kí Phase 1 títí dé Ajah àti Sangotedo, ilé tuntun ń yọrí lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti fi POP bo àjà ilé tán, tí wọ́n gbé síǹkì sórí káńtà, tí wọ́n sì gbé básíìnì ìfọwọ́ mọ́ ògiri, iṣẹ́ kan ṣì kù tí lánlọ́ọ̀dù kì í rí. Púlọ́ńbà yóò dùbúlẹ̀, yóò ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn síǹkì, yóò sì máa fi ìka wá ibi tí nọ́ọ̀tì tó di ẹ̀rọ omi mú yóò ti wọlé. Orí kò lè wọ ibẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì kì í tàn dé ibẹ̀ dáadáa, sípánà tó wà nínú àpò kò sì ní ààyè tí yóò fi yí. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju ogún ìṣẹ́jú lọ lè di iṣẹ́ wákàtí méjì, owó rẹ̀ kò sì ní tìtorí ìyẹn lé kọ́bọ̀.

Òwò wà nínú ìṣòro yìí. Ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà ló ti mú sípánà àtijọ́ lọ bá wẹ́dà pé kó bá òun jó o mọ́ ọ̀pá irin gígùn, kí òun lè rí nǹkan fi dé ibi tí ọwọ́ kò tó. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wúlò fún ẹni tó ni ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni láti sọ ọ́ di ọjà tí ẹlòmíràn yóò fowó rà. Ohun tó ń fa èyí ni pé agbára ni ọ̀pọ̀ ń rò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é: kí irin nípọn, kí èkù gùn. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe agbára ló wọ́n lẹ́yìn síǹkì. Ojú ló wọ́n níbẹ̀. Irinṣẹ́ tí yóò tà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tí ojú ò rí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ ronú sí i. Irinṣẹ́ kan ti wà tipẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní basin wrench. Ọ̀pá gígùn ni, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí èékánná àwòdì, èkù rẹ̀ sì gba ìsàlẹ̀ ọ̀pá kọjá bí lẹ́tà T. Kí ó ra ọ̀kan, kí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sì kọ gbogbo ibi tó ti já a kulẹ̀ sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àléébù kan: èékánná yẹn mọ nọ́ọ̀tì dì tó bá ti wà lórí tírẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò lè gbé nọ́ọ̀tì tó wà lọ́wọ́ gòkè lọ síbi tí yóò ti wọlé. Ìka ni yóò ṣì ṣe ìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni nọ́ọ̀tì sì ti máa ń já bọ́ tí yóò yí lọ sẹ́yìn káńtà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ̀n. Púlọ́ńbà ń pe ẹ̀rọ omi básíìnì ní ìdajì ínǹṣì, àmọ́ ẹni tó bá wọn tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ìta yóò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 21. Orúkọ yẹn wá láti ara ihò páìpù, kì í ṣe láti ara ohun tí sípánà ń dì mú. Wẹ́dà tí wọ́n kàn sọ “ìdajì ínǹṣì” fún lórí fóònù yóò ṣe ẹnu irinṣẹ́ tí kò ní wọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ omi alápòpọ̀, tó ń da omi tútù àti gbígbóná pọ̀, tún yàtọ̀: bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà máa ń dì í mú nísàlẹ̀. Bí bóòtù náà bá jẹ́ M8, nọ́ọ̀tì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 13, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ní tiwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀. Kí a lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ní Ajah, kí a fi ìwọ̀n ka oríṣi mẹ́wàá tí ọjà wọn ń yá, èyí sàn ju kí a gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Ìṣirò kékeré kan tún wà tó ń fi ohun tó yẹ kí irinṣẹ́ náà ṣe hàn. Tírẹ́ẹ̀dì ìdajì ínǹṣì ní eyín 14 nínú ínǹṣì kan. Bí nọ́ọ̀tì bá ní láti gun ìdajì ínǹṣì kó tó kan abẹ́ básíìnì, ìyípo 7 gbáko ni. Ẹ̀yìn síǹkì há tó bẹ́ẹ̀ tí sípánà lásán lè má rí ju ìdá 12 ìyípo kan lọ kó tó kan ògiri. A jẹ́ pé ìgbà 84 ni púlọ́ńbà yóò yọ sípánà, tí yóò tún un kì bọ nọ́ọ̀tì, láìrí i, fún ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo! Ọ̀pá tó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti abẹ́ nọ́ọ̀tì wá sísàlẹ̀, níbi tí ààyè wà fún ọwọ́, yóò sọ ìgbà 84 yẹn di ìyípo 7. Ìdí nìyí tí èkù alápá méjì bíi T fi dára. Ratchet olówó ńlá tí eyín rẹ̀ jẹ́ 72 yóò ṣiṣẹ́ níbi tó há gan-an lóòótọ́, nítorí pé ìdá 72 ìyípo péré ló nílò kó tó dì í mú padà, ṣùgbọ́n wẹ́dà Ajah kò ní láti bá a du ọjà yẹn.

Báwo wá ni ọwọ́ ṣe lè ríran? Ẹnu irinṣẹ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ṣí díẹ̀ síta bí àrọ ìrọpo, yóò máa darí ara rẹ̀ lọ sórí nọ́ọ̀tì, kódà bí ọwọ́ bá yà díẹ̀. Nínú ẹnu yẹn, ó yẹ kí nǹkan kan di nọ́ọ̀tì mú kó má bàa já bọ́. Òòfà ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ rò, owó ló sì ń bá a lọ, torí pé òòfà kì í fa idẹ, kì í fa ike, bẹ́ẹ̀ idẹ àti ike ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ omi. Gírísì díẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń fi sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe é. Rọ́bà sílípáàsì tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ inú ẹnu irinṣẹ́ yóò ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní ba básíìnì jẹ́.

Ohun kejì ni etí àti ìka. Àgbà púlọ́ńbà mọ̀ pé kí nọ́ọ̀tì tó wọlé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀. Bí eyín méjèèjì bá ti bọ́ sí ipò, yóò dún kọ́, ọwọ́ yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà náà ni a ń yí i síwájú. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì yóò gun ara wọn lórí, nọ́ọ̀tì yóò há, omi yóò sì máa kán lẹ́yìn tí wọ́n ti gba owó iṣẹ́. Irinṣẹ́ tó bá wúwo jù, tàbí tí oríkèé rẹ̀ bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, yóò pa “kọ́” yẹn mọ́ ọwọ́ lára. Nítorí náà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sàn ju ọ̀pá irin gbọọrọ lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wúwo dọ́gba, páìpù kì í tètè lọ́ nígbà tí a bá ń yí i, ihò inú rẹ̀ sì jẹ́ kí bóòtù gígùn ríbi wọlé sí. Bí ẹnu irinṣẹ́ bá ní ìhà kan tó ṣe pàtàkì, kí a fi àmì tí àtàǹpàkò lè mọ̀ sára èkù ní ìhà kan náà. Ojóró lẹ́bú wẹ́ẹ̀dì kan ti tó.

Àwọn kan yóò ní kí a fi dígí wò ó. Dígí máa ń yí nǹkan padà: ohun tó ń yí lọ sọ́tùn-ún yóò dà bí ẹni pé òsì ló ń lọ, oníṣẹ́ tó ti rẹ̀ yóò sì máa tú ohun tó rò pé òun ń dì. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló dára láti fi yẹ iṣẹ́ wò lẹ́yìn tí a bá ti dì í tán.

Ti irin kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ní àgbègbè yìí. Lẹ́kí àti Ajah wà láàárín òkun àti ọ̀sà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń tètè jẹ irin. Irin lásán tí wọn kò kùn yóò dípẹtà nínú àpò irinṣẹ́ kí òjò ọdún kan tó dá. Irin stainless tí wọ́n ń pè ní 316 ń gba ìyà iyọ̀ ju 304 lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì pọn dandan fún gbogbo ara irinṣẹ́. Fún ẹnu rẹ̀, tó nílò kó le, ewé sípíríǹgì mọ́tò àlòkù tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò tipẹ́ dára gan-an. Kí wọ́n sáà rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú un gbóná tó pọ́n, tí wọ́n rì í sínú ọ́ìlì, wọ́n gbọ́dọ̀ tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, yóò le lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ṣẹ́ bí àwo.

Kí ẹnikẹ́ni tó jó irin kankan, igi tàbí páìpù PVC ni kó fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Kí a fi aṣọ di ojú ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì rí irinṣẹ́ náà rí, kí a gbé nọ́ọ̀tì 10 fún un, kí ọ̀gá sì pa ẹnu mọ́. Kí a ka iye ìṣẹ́jú àti iye nọ́ọ̀tì tó já bọ́. Ọ̀gá tó ṣe irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè dán an wò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ béèrè pé “Ọ̀gá, ìhà wo ni mo máa kọ síwájú?”, a ti rí àléébù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé e lọ sí ilé tó ti pẹ́, torí pé omi bọ̀hóòlù tó ní irin nínú máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí pupa gan mọ́ nọ́ọ̀tì, títú rẹ̀ sì ń le ju dídì tuntun lọ.

Owó ńkọ́? Ká ní irin, wẹ́ẹ̀dì, ọ̀dà àti owó iṣẹ́ jẹ́ N9,000 lórí ẹyọ kan. Ẹni tó ṣe 5, tó wá rí i pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù, N45,000 ló há. Ẹni tó ṣe 200 ti ri N1,800,000 mọ́lẹ̀. Ní ti iye tí yóò tà á, kí ó má wo N9,000 nìkan. Ká ní púlọ́ńbà ń gba N5,000 lórí ẹ̀rọ omi kan, tí irinṣẹ́ náà sì jẹ́ kó ṣe méjì sí i lóòjọ́: N10,000 ni èrè ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá tà á fún un ní N15,000, kò ní tó ọjọ́ méjì tí yóò fi rí owó rẹ̀ padà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì polówó rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ìpolówó yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni òfin ti wọlé. Ọ̀rọ̀ Peter Roberts, ará Amẹ́ríkà, dára fún oníṣẹ́ ọwọ́ láti mọ̀. Ọmọ ọdún 18 ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Sears ní ìlú Gardner, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nígbà tó hùmọ̀ ratchet tó ní bọ́tìnì lẹ́yìn, tí ọwọ́ kan ṣoṣo fi lè yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò. Ó gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, lọ́dún 1965. Ó sì ta ẹ̀tọ́ náà fún Sears ní owó tí kò lè kọjá $10,000. Sears ta irinṣẹ́ yìí ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Roberts gbé wọn lọ sí kóòtù lọ́dún 1969, ó ní wọ́n fi bí irinṣẹ́ náà ṣe níye lórí tó pa mọ́ fún òun. Ọdún 1989 ni wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà, $8.2 mílíọ̀nù ni Sears san.

Ní Nàìjíríà, òfin páténtì ti ọdún 1970 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí, ọ́fíìsì tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì wà ní Àbújá, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òwò àti iléeṣẹ́. Ọdún 20 ni páténtì ń lò, bí a bá ń san owó ọdọọdún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin kà sí, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé bá sì ti rí, yálà lórí ìwé tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, kì í ṣe tuntun mọ́. Nítorí náà, kí ìwé ìbéèrè wọlé kí wọ́n tó gbé irinṣẹ́ náà káàkiri sáìtì Ikota àti Badore. Àwọn tí yóò bá wọn dán an wò ṣáájú ìgbà náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ọ́fíìsì náà kì í wádìí bóyá nǹkan jẹ́ tuntun lóòótọ́ kó tó fúnni ní páténtì, kóòtù lè fagi lé e lọ́la. Ẹni tó kàn jó basin wrench gùn sí i kò ní rí ẹ̀tọ́ kankan tó lè dúró.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìrísí irinṣẹ́ ṣì ṣeé forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó bá jẹ́ tuntun: ọdún 5, tí a lè tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ òwò lè ṣàǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wẹ́dà kékeré, torí ọdún 7 ló kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà ni a ń tún un ṣe ní ọdún 14, 14, láìní òpin. Òòlù àti irin onílẹ́tà ni wọ́n fi ń tẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sára èkù, kí ọ̀dà tó kàn án.