Òwúrọ̀ Ọjọ́ Kejì Ni Kí O Bi Ẹsẹ̀ Rẹ

Ọmọ mi, mo rí ọ lánàá ní pápá ìṣeré Àkúrẹ́ níbí. O yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ò ń rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí o ń lọ wọ ọkọ̀ Oǹdó tí mo rí i pé ò ń tiro. Mo bi ọ́, o ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, ó ti lọ." Ta ni ò ń tàn?

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Iṣan líle tó wà lókè gìgísẹ̀ ló wú mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò dùn mí mọ́, ni mo bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo tún sáré ní ìrọ̀lẹ́. Ìsinmi ti pa ìrora, kò fún iṣan lágbára. N kò mọ̀. Mo fi Robb pa ẹsẹ̀, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògiri ni mo dì mú dé balùwẹ̀. Bí sáà yẹn ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Iṣan yẹn kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ara bá ti gbóná, ìrora á sá pamọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ń fẹjọ́ sùn. Karin Grävare Silbernagel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden dán an wò lára aláìsàn 38 bóyá ẹni tí iṣan yìí ń dùn lè máa sáré, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Gbogbo wọn ló ń ṣe eré ìdárayá tó ń mú iṣan náà le. Wọ́n ní kí àwọn kan má sáré fún ọ̀sẹ̀ 6. Àwọn yòókù lè máa sáré, bí ìrora kò bá ti ju 5 lọ nínú 10, tó sì ti rọlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí kò sì pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Eré kò pa àwọn wọ̀nyí lára. Ara wọn yá bíi ti àwọn tó sinmi.

Nítorí náà n kò ní kí o jókòó sílé. Ìwé ni kí o rà, irú ìwé pélébé tí àwọn ìyá Ọjà Ọba fi ń kọ gbèsè oníbàárà. Fi bí eré ṣe nira tó nínú 10 sọ iye ìṣẹ́jú rẹ di ìlọ́po: ìṣẹ́jú 30 tó nira dé 4, 120 nìyẹn. Ro ó pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ iye tí ẹsẹ̀ dùn ọ́ ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá jẹ́ 400, tí èyí tó tẹ̀ lé e fò dé 800, tí òwúrọ̀ sì ń ti 2 lọ sí 4, o kò ní í wá aláfọ̀ṣẹ kí o tó mọ ohun tó fà á.

Egungun kò sí nínú àdéhùn yìí o. Bí ojú kan bá ń dùn ọ́ lórí egungun ojúgun, tí ìka kan lè tọ́ka sí i, má ka 5, má ka 2: dá eré dúró, lọ rí dókítà. Oǹdó, ìlú rẹ náà, ni UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn físíò.

Lọ́la, kí o tó jẹun, dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, gbé gìgísẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kọ iye tó dùn ọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ 6, kọ 6. Má sọ ọ́ di 2 nítorí pé o fẹ́ kí n jẹ́ kí o sáré ní Sátidé.