Àwọ̀ Ọrùn Ọmọ Ogun: Ẹ̀kọ́ kan fún Kíláàsì Karùn-ún

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a ti kọ́ wa nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò dá a lójú dáhùn ìbéèrè ọmọdé. A gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé wa, ṣùgbọ́n ìgbà tí a dúró níwájú kíláàsì ni ó tó yé wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Boundary ni a fẹ́ ròyìn níhìn-ín, àti ẹ̀kọ́ tí a ti inú rẹ̀ ṣe. Bóyá yóò wúlò fún àwọn tí a ó rán sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wa.

Boundary ni ibi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pàdé ní Èkó. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò ju ààlà lọ. Ní apá Àpápá ni èbúté ọkọ̀ òkun wà, àti àwọn ọmọ ogun ojú omi, àti bárékè tí à ń pè ní Arakan. Ní apá Ajégúnlẹ̀ ni ọjà wà, àti ilé tí ó fara kan ara wọn, àti ènìyàn láti inú onírúurú ẹ̀yà ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí a kọ́ níbẹ̀ rí ọmọ ogun lójoojúmọ́ ju bí àwa fúnra wa ti rí wọn lọ.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni a lọ. Ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú, èyí tí Nàìjíríà ń ṣe ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, kù sí dẹ̀dẹ̀, a sì gbé àwòrán kan kọ́ sára ògiri. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ ni ó wà nínú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú síkáàfù lọ́rùn. Ti ẹni kìíní ní àwọ̀ ojú sánmà, ti èkejì pupa, ti ẹ̀kẹta ní àwọ̀ ìyeyè. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí aṣọ ọrùn wọn kò rí bákan náà?”

Ọ̀kan nínú wa dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé pupa ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀, àwọ̀ ojú sánmà ni àlàáfíà, ìyeyè sì ni ọrọ̀ ilẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, a ròyìn rẹ̀ fún bàbá kan ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a wọ̀ sí, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ogun fẹ̀yìn tì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni àwọ̀ yẹn ń sọ o, kì í ṣe àdúrà.” Ojú tì wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a sọ fún àwọn ọmọ pé a ti ṣì wọ́n lọ́nà, a sì ní kí wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde. Ó ní, “Bàbá ńlá mi lọ sí ogun Bọ́mà, wọ́n ní ẹrù ni ó rù. Àwọ̀ wo ni tiwọn, sà?” A kò tún ṣe àṣìṣe ti àná. A ní kí ó fún wa ní ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé èyí ni ìdáhùn wa.

I. OHUN TÍ SÍKÁÀFÙ NÁÀ Í ṢE

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kì í ṣe ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ pàdé ọ̀tá. Àwọn kan ń yin àgbá láti òkèèrè. Àwọn kan ń la ọ̀nà, wọ́n sì ń ṣe afárá. Àwọn kan ń fi ìròyìn ránṣẹ́. Àwọn kan ń tọ́jú ẹni tí ó fara gbọgbẹ́. Ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ẹ̀ka. “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè”: ẹ̀ka kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì, kò sì sí èyí tí ó lè dá ogun jà.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni síkáàfù ẹ̀ka ti gbilẹ̀ jù. Aṣọ pelebe ni, a ń so ó mọ́ ọrùn, a sì ń ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú kóòtù, tí ó fi jẹ́ pé ibi ọ̀fun nìkan ni a ti ń rí i. Àwọ̀ ojú sánmà ni ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Pupa ni ti àwọn tí ń yin àgbá. Ìyeyè ni ti àwọn ẹlẹ́ṣin, láti 1855 ni wọ́n sì ti ní àwọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ogun ni arọ́pò wọn ń gùn lóde òní. Àwọ̀ ọsàn ni ti àwọn tí ń fi ìròyìn ránṣẹ́, àwọ̀ ewé sì ni ti ọlọ́pàá ológun. Wọn kì í wọ̀ ọ́ lọ sí ojú ìjà, bí kò ṣe ní ọjọ́ ayẹyẹ tí ọ̀gá wọn bá pàṣẹ pé kí wọ́n wọ̀ ọ́.

II. ÌDÍ TÍ ÀWỌ̀ FI WÀ

Ọmọ tí ó bá ní làákàyè yóò béèrè pé: bí kì í bá ṣe fún ìjà, kí ni wọ́n fi àwọ̀ ṣe? Ní ìgbà àtijọ́, fún ìjà gan-an ni. Ètù ìbọn máa ń rú èéfín tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gágun tí ó dúró lórí òkè kò fi lè mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá rí pupa láàrin èéfín náà, yóò mọ̀ pé àwọn ènìyàn òun nìyẹn, yóò sì mọ ibi tí yóò ran ìrànlọ́wọ́ sí. Ọmọ ogun tí ó bá sì ṣáko lọ yóò wo àwọ̀, yóò padà sáàrin àwọn tirẹ̀.

Ní nǹkan bí 1886, àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètù tí èéfín rẹ̀ kéré púpọ̀, ìbọn sì ń ta jìnnà ju ti ìṣáájú lọ. Ojú ogun wá mọ́ gaara, àwọ̀ tí ó ti ń gba ènìyàn là tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí ọ̀tá ń fojú sùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kakí ní ilẹ̀ Íńdíà ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti inú èdè ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, eruku sì ni ó ń tọ́ka sí. Bí kakí ti ń gba gbogbo ara ọmọ ogun ni àwọ̀ ń sá lọ sí ibi kékeré: fìlà, èjìká, àti ọrùn.

III. NÍ ILẸ̀ TIWA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi àwọ̀ hàn wá lójú ogun. Alùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ fún wa pé fìlà tí a fi ìyẹ́ ìrù odídẹ ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú àmì oyè Arẹ̀ Ọ̀nà Kakaǹfò, pẹ̀lú awọ ẹkùn. Ẹni tí ó bá rí pupa ìyẹ́ náà lókèèrè kò ní láti béèrè ẹni tí ń bọ̀.

Ní 1863, ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, Glover kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ níbẹ̀, tí à ń pè ní àwọn Haúsá Glover. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti jẹ́ ẹrú tí ó sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà ti ń ka ìtàn ara rẹ̀. Lugard bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ogun ẹnu ààlà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1897; lẹ́yìn náà, a pa ẹgbẹ́ ogun Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáḿbíà pọ̀ sábẹ́ rẹ̀, a sì fi orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a lọ́lá ní 1928.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, fìlà pupa ni wọ́n ń dé, wọ́n ń wọ kóòtù péńpé tí kò ní kọ́là, wọ́n ń fi ọ̀já pupa gba inú, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kakí. Okùn ọ̀ṣọ́ etí kóòtù ni ó ń sọ ẹ̀ka: pupa fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ìyeyè fún àwọn tí ń yin àgbá, búlúù fún àwọn tí ń la ọ̀nà. Iṣẹ́ tí síkáàfù ń ṣe lọ́rùn ará Amẹ́ríkà ni okùn yìí ń ṣe létí kóòtù àwọn bàbá wa. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé, kí ogun 1939 tó dé, ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń yan. Àwọ̀ wà lára wọn kí bàtà tó dé ẹsẹ̀ wọn.

IV. ÌDÁHÙN FÚN ỌMỌBÌNRIN NÁÀ

Nínú àwọ̀ mẹ́ta tí a kà yìí, kò sí èyí tí í ṣe ti aláàárù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ogun kan tí a jà nínú igbó láìsí wọn.

Ní 1943 ni a dá ìpín ogun 81 àti ìpín ogun 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ láti lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Ẹkùn Arakan ni wọ́n ti jà, òun ni a sì fi sọ bárékè Àpápá lórúkọ. Ní 1944, ìpín 81 wọ àfonífojì odò Kaladan. Òkè àti igbó kìjikìji ni ibẹ̀, ọkọ̀ kò lè kọjá. Ọkọ̀ òfurufú ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́ láti òkè kò lè fúnra rẹ̀ rìn. Orí ènìyàn ni ó gbé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláàárù wọ̀nyí ni kò ní ìbọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìbọn ń dún ni wọ́n ń gbé ẹrù náà lọ.

Ìpín 81 fi aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ṣe àmì èjìká wọn, nítorí ìtàn Ànáńsè tí àwọn ará Gold Coast ń pa. Ìpín 82, tí ó ṣẹ́gun ní Myohaung pẹ̀lú wọn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1945, fi ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn ṣe tiwọn, wọ́n sì fi òṣùká aláàárù sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nípa àwọn aláàárù wa ni a fi ń jà. Ọ̀gágun wọ̀ ọ́, ẹni tí ó ru ìbọn wọ̀ ọ́, ẹni tí ó ru ẹrù wọ̀ ọ́.

Èyí ni a sọ fún ọmọbìnrin náà. A ya òṣùká náà sí ara pátákó, gbogbo kíláàsì sì mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n ń rí i ní ọjà Boundary lójoojúmọ́. Ó béèrè bóyá òun lè yà á sínú ìwé òun láti fi han ìyá òun. A ní kí ó yà á.

V. BÍ A TI LÈ KỌ́ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Kí olùkọ́ gba àjákù aṣọ pupa, ìyeyè àti búlúù lọ́wọ́ télọ̀. Kí ó pín àwọn ọmọ sí ẹ̀ka mẹ́ta, kí wọ́n so aṣọ náà mọ́ ọrùn, kí wọ́n sì lọ dúró ní òpin pápá. Kí ọmọ kan dúró lókèèrè, kí ó máa pe ẹ̀ka tí ó bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, kí díẹ̀ nínú wọn pààrọ̀ aṣọ ní ìkọ̀kọ̀. Ìdàrúdàpọ̀ tí yóò ṣẹlẹ̀ yóò kọ́ wọn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Níbẹ̀ ni kí olùkọ́ ti sọ ìdí tí òfin Nàìjíríà fi kọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun láti máa wọ aṣọ ogun: àmì tí ó bá parọ́ lè ṣi ènìyàn lọ́nà dé ojú ikú. Aṣọ ogun tòótọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú kíláàsì.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ẹni tí kò ní àwọ̀ kò ní iṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni à ń pè ní ẹ̀ka nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun? Dárúkọ mẹ́ta.
2. Kí ni ó mú kí kakí rọ́pò àwọ̀ títàn lójú ogun?
3. Báwo ni a ti ń mọ ẹni tí ń yin àgbá nínú ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ ayẹyẹ?
4. Níbo ni bárékè Arakan ti rí orúkọ rẹ̀?
5. Ya àmì ìpín ogun 82, kí o sì sọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún ẹnì kan nílé yín.