Báwo Ni Àwọn Inuit Ṣe Ń Pẹja Nígbà Tí Omi Bá Dì?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan: tí gbogbo ojú omi bá di yìnyín, níbo ni ẹja ń wà? Ó ti pẹ́ tí àwọn Inuit, tí wọ́n ń gbé ní àríwá Kánádà, Greenland àti Alaska, ti mọ ìdáhùn rẹ̀, torí ẹja wà lára ohun tó ń gbé ẹ̀mí wọn ró. Kódà, ìtumọ̀ Iqaluit, olú ìlú Nunavut ní Kánádà, ni "ibi tí ẹja pọ̀ sí".

Ẹja tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni Arctic char. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìrìn rẹ̀, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa á nìyẹn.

Ìgbà òtútù: ihò inú yìnyín

Omi adágún máa ń wúwo jù lọ ní nǹkan bíi 4°C. Tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, yìnyín sì tún fúyẹ́ ju omi lọ. Ẹ ju yìnyín sínú ife omi, ẹ ó rí i pé ó máa léfòó. Ìdí nìyí tí adágún fi ń dì láti òkè, tí ẹja sì ń rí omi gbé nísàlẹ̀.

Yìnyín ọ̀hún lè nípọn tó mítà 2 o! Ọ̀pá gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní tuuq ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò sí i. Wọ́n á wá sọ okùn sínú omi, pẹ̀lú ẹja kékeré tí wọ́n fi egungun tàbí eyín ẹranko gbẹ́. Wọ́n á máa jà á sókè sísàlẹ̀ kó lè jọ ẹja gidi. Tí char bá sún mọ́ ọn báyìí, ọ̀kọ̀ ti dé nìyẹn.

Ìgbà ìrúwé àti ẹ̀ẹ̀rùn: ẹja lọ sókun

Tí yìnyín odò bá fọ́, ọ̀pọ̀ char á ṣàn lọ sínú òkun láti lọ jẹun. Ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ níbẹ̀. Kí ló dé? Iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi òkun tètè dì, nítorí náà ó lè tutù dé nǹkan bíi -1.8°C. Ẹ̀jẹ̀ char á ti dì kó tó tutù tó bẹ́ẹ̀! Dandan ni kí ó padà sí adágún kí òtútù tó dé.

Ojú ọ̀nà yẹn ni àwọn Inuit ti ń dè é. Wọ́n á to òkúta dí odò, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ kí ẹja lè wọlé. Saputit ni wọ́n ń pè é. Tí ẹja bá ti kún inú rẹ̀, wọ́n á wọ inú omi tòun ti kakivak, ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ẹnu àárín á gún ẹja. Méjì ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n máa ń fi ìwo ẹranko ṣe, á là, wọ́n á tún padà dì í mú. Kò sí ibi tó fẹ́ sá gbà.

Wọ́n á la ẹja, wọ́n á sá díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tútù títí á fi gbẹ. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣe pánla gbígbẹ ní Norway.

Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Kì í ṣe gbogbo yìnyín ló ṣeé tẹ̀. Ibi tí òjò dídì bá bò dáadáa, yìnyín abẹ́ rẹ̀ lè fẹ́lẹ́, torí òjò dídì ń ṣe bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, kì í jẹ́ kí òtútù ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń fi ọ̀pá gún iwájú wọn kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀.

Ní báyìí tí ayé ń gbóná sí i, yìnyín ń pẹ́ kó tó dì, ó sì ń tètè yọ́. Ọ̀nà tí bàbá gbà kọjá láìséwu lè gbé ọmọ mì. Ìyẹn ló mú kí SmartICE, tó bẹ̀rẹ̀ ní Labrador ní Kánádà, máa lo ẹ̀rọ tó ń wọn yìnyín pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn Inuit. Ẹ̀rọ á sọ bó ṣe nípọn tó. Àwọn tó mọ ilẹ̀ á sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.