Ẹ̀gẹ́ Kì Í Dúró De Mẹkáníìkì: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀rọ àti Ilé Kíkọ́ Lóko Ẹbí

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín lásìkò yìí kì í ṣe ti ìpàtẹ, ti oko ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kan ọlọ́jà nínú ọ̀rọ̀ oko o. Púpọ̀ nínú wa tó ń ta gààrí, èlùbọ́ àti àgbàdo l'Ọ́jà Ọba, ní Ìpàta àti ní Gànmọ, oko ẹbí wa la ti ń kó o wá. Àwa la ń dá owó ẹ̀rọ, àwa la ń dá owó síméńtì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, a ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ibẹ̀ gan-an ni owó wa ń gbà lọ.

1. ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Nínú gbogbo ayé, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kò dà bí iṣu. Iṣu lè wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó má bàjẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti fà tu, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Bí ẹ̀rọ bá wá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí a ti hú ẹ̀gẹ́ tán, owó àwọn tó hú u ti lọ, owó àwọn tó bó o ti lọ, owó ọkọ̀ ti lọ, ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ náà ń lọ. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán apá ò ní ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtúnṣe ẹ̀rọ rí.

A ò sọ pé kí ẹ di mẹkáníìkì. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yín kí mẹkáníìkì tó dé.

2. ÀYẸ̀WÒ ÀÁRỌ̀

Ẹ́ńjìnnì Lister ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Ní ìlú Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ Lister ti bẹ̀rẹ̀ ní 1867. Lónìí, àwọn tí wọ́n ṣe ní Íńdíà àti Ṣáínà pọ̀ l'ọ́jà. Èyí tó wù kó jẹ́, kí a tó ta á láàárọ̀, ohun márùn-ún ni kí a wò:

(a) Ọ́ìlì. Kí ẹ́ńjìnnì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ẹ nù ún, ẹ kì í bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ tún fà á jáde wò. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ àmì, ẹ bu ọ́ìlì sí i. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ́ìlì, ọjọ́ kan péré ló fi ń kú.

(b) Omi. Èyí tó ń lo omi láti fi tutù, ẹ rí i pé omi rẹ̀ kún. Bí ó bá ti gbóná jù, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi tútù lé irin gbígbóná, yóò sán.

(d) Díísù. Kí kẹ́ẹ̀gì díísù fara balẹ̀ dáadáa kí a tó bu ú, kí ìdọ̀tí àti omi lè rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má dà á títí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì.

(e) Fílítà afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà ń mí bíi tiwa. Eruku ọyẹ́ ìlú Ìlọrin yìí kì í ṣe kékeré. Fílítà tó bá dí, ẹ́ńjìnnì á máa mí gúlegúle, á sì máa jẹ díísù.

(ẹ) Nọ́ọ̀tì. Ẹ́ńjìnnì máa ń gbọ̀n, ìgbọ̀n sì máa ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ fi sípánà kàn wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

3. ÈÉFÍN Ń SỌ̀RỌ̀

Ẹ wo èéfín tó ń jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dúdú kirikiri, afẹ́fẹ́ kò tó o, tàbí ẹrù tí a dì lé e lórí ti pọ̀ jù. Bí ó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, díísù kò jó tán, tàbí omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ fún mẹkáníìkì pé "èéfín rẹ̀ dúdú láti àná, mo sì ti fọ fílítà afẹ́fẹ́," mẹkáníìkì á mọ̀ pé ojú ẹni yẹn ti là.

Ọ̀kan nínú wa rí irú èyí. Ẹ́ńjìnnì oko wọn ń kú léraléra láàárín iṣẹ́. Mẹkáníìkì kan ní inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kí wọ́n gbé e wá sígboro, kí wọ́n mú owó ńlá wá. Ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ kan wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ fílítà díísù wò ná. Ó dí fọ́nfọ́n. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n yọ afẹ́fẹ́ tó wà nínú okùn díísù, ẹ́ńjìnnì ta. Ẹ̀gẹ́ ò bàjẹ́. Gbogbo mẹkáníìkì kọ́ ni oníjìbìtì o, a ní àwọn olóòótọ́ tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ nǹkan kan, olóòótọ́ pàápàá lè ṣì í lọ́nà.

4. OJÚ PÁÀNÙ, BẸ́LÍÌTÌ ÀTI BÉÁRÌN

Ohun tó ń lọ ẹ̀gẹ́ gan-an ni páànù tí a fi ìṣó lu ní ojú wẹ́wẹ́, tí a wé mọ́ igi róbótó. Inú la ti ń lu ìṣó náà jáde, kí ẹnu mímú rẹ̀ lè kọjú síta. Bí ẹ̀gẹ́ bá ń jáde ní kókó kókó, tí ẹ́ńjìnnì ń kérora lórí ẹrù tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀, ojú páànù ti kú nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń fi páànù tó ti kú ṣiṣẹ́, díísù ló fi ń san owó páànù tuntun láìmọ̀. Páànù tí kì í dógùn-ún wọ́n jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, ìpẹtà kì í sì í bá gààrí lọ. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wé páànù tuntun, ẹ lọ ẹ̀gẹ́ díẹ̀, kí ẹ dà á nù, nítorí èérún irin. Ẹ sì wo ìṣó tó mú un mọ́ igi. Ìṣó kan tó bọ́ sínú gààrí lè ká eyín oníbàárà, orúkọ yín l'ọ́jà á sì bá a lọ.

Bẹ́líìtì: ẹ fi àtàńpàkò tẹ àárín rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Kó rọ̀ wọlé níwọ̀n ìbú ìka kan. Bí ó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀, á máa han. Bí ó bá le jù, béárìn ni yóò pa. Ẹ na okùn láti púlì kan dé èkejì, kí ẹ rí i pé wọ́n wà lórí ìlà kan náà. Bí bẹ́líìtì bá jẹ́ méjì, méjèèjì la ń pààrọ̀ pọ̀.

Béárìn: bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, ẹ fọwọ́ kan ilé béárìn. Bí ó bá gbóná tí ọwọ́ ò lè gbà á, gíríìsì ti tán, tàbí béárìn ti jẹ. Ẹ fọwọ́ mi igi róbótó náà. Bí ó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ má dúró dìgbà tí yóò fọ́.

5. Ẹ̀MÍ ṢÁÁJÚ OWÓ

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Gèlè, ìbòrí, ìborùn àti etí ìró ni bẹ́líìtì ń kọ́kọ́ mú, ara ló sì ń fà tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dúró ti ẹ̀rọ, kó wé orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó di ìró rẹ̀ le, kó má pọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí alájóríin ṣe ààbò irin bo bẹ́líìtì. Igi ni ká fi ti ẹ̀gẹ́ wọ ẹnu ẹ̀rọ, kì í ṣe ọwọ́. Bí ohun kan bá há, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó yọ ọ́.

Èéfín ẹ́ńjìnnì ń pa ènìyàn láìjẹ́ pé ẹni náà gbóòórùn rẹ̀. Nítorí náà, a ò gbọdọ̀ ta ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tí a tìlẹ̀kùn rẹ̀, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó. Kí sálẹ́ńsà kọjú síta, kó jìnnà sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bó ẹ̀gẹ́.

6. ILÉ Ẹ̀RỌ ÀTI ILÉ GÀÀRÍ

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ilẹ̀ ló ṣáájú, òrùlé ló tẹ̀ lé e, ògiri ló kẹ́yìn. Ilẹ̀ tí a kò rẹ́ dáadáa ń kó iyanrìn bá gààrí, oníbàárà á sì jẹ ẹ́ nínú ẹ̀bà.

Fún kọnkéré ilẹ̀ àti ìdúró ẹ́ńjìnnì, síméńtì ìwọ̀n 1, yanrìn ìwọ̀n 2, òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n 4. Abọ́ kan náà ni kí ẹ fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpò síméńtì kan jẹ́ kílò 50, omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi lítà 25 lọ, kó sì dín sí i bí yanrìn bá tutù. Bíríkìlà fẹ́ràn omi púpọ̀ nítorí ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn, ṣùgbọ́n kọnkéré olómi ni yóò fọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Bí ẹ bá dà á tán, ẹ fi àpò tútù bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Síméńtì kì í le nítorí pé ó gbẹ. Omi gan-an ló ń mú un le.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dagun díẹ̀ sápá kan, kí omi ẹ̀gẹ́ tí a fi jáàkì tẹ̀ jáde lè rí ọ̀nà lọ. Májèlé wà nínú omi náà. Ó ń pa ẹja, ó ń pa ewúrẹ́ tó bá mu ún. Kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sí kànga tàbí odò. Kí kànga wà lápá òkè, kí ilé gààrí wà nísàlẹ̀, kí àárín wọn sì jìnnà síra.

Níbi àdìrò, kí ẹnu ibi tí a ń ti igi bọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, kí ẹni tó ń yan gààrí wà lápá kejì, kí èéfín gba òkè lọ. Ojú àwọn ìyá wa tó ti ń yan gààrí láti kékeré, ẹ wo bó ṣe pọ́n tó.

7. ÀKÁ ÀGBÀDO

Àgbàdo tútù tí a dì sínú àpò, bíbu ló máa bu. Ebu a sì máa mú májèlé wá, èyí tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè kì í pa á. Àká ló dára, kí afẹ́fẹ́ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi ọparun tàbí wáyà ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí inú rẹ̀ má fẹ̀ ju mítà 1 lọ, kó gùn bó ṣe wù yín. Kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó mítà 1, kí ẹ fi páànù tí a ká bí fèrè bo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí eku má lè gùn ún. Kí ẹ̀ka igi má sún mọ́ ọn, torí eku mọ fífò.

Bí àgbàdo bá kúrò lórí òpó, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ tó láti dì sápò? Ẹ mú ìgò gbígbẹ, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ bu àgbàdo lé e, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo yẹn ò tíì gbẹ. Ẹ lè ṣe èyí kí ẹ tó ra ti ẹlòmíràn pẹ̀lú.

8. ÌWÉ ÀTI OWÓ

Ẹ ra ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí a ra béárìn, iye owó, àti orúkọ ẹni tó dá a. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún mẹkáníìkì pé a ò tíì lo béárìn yìí tó oṣù méjì. Òun náà ni yóò sọ fún ẹbí, bí ọ̀rọ̀ ìní bá dé, pé àwa obìnrin náà dá owó síbẹ̀. Ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí ẹ sì yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀ bí ẹni ń dá àjọ. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ: bí a bá ń lọ àpò 20 lọ́sẹ̀, tí a yọ ₦100 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ₦2,000 ni lọ́sẹ̀, ₦104,000 ni lọ́dún. Ẹ ò ní sáré lọ yá owó èlé lọ́jọ́ tí bẹ́líìtì bá já.

9. IBI TÍ A TI LÈ BÉÈRÈ

Ìlọrin ṣe oríire lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìdó-Fìan, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ni ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ oko wà, NCAM ni wọ́n ń pè é. Ní òpópónà Asà Dam sì ni olú ilé-iṣẹ́ NSPRI wà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí bí a ṣe lè tọ́jú irè oko kí ó má bàjẹ́. Owó orí gbogbo wa ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ò gbọdọ̀ bà wá láti béèrè níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ta ló ń wọn ọ́ìlì ẹ̀rọ oko yín? Ẹ dárúkọ rẹ̀.
2. Ǹjẹ́ ààbò wà lórí bẹ́líìtì yín?
3. Ibo ni omi ẹ̀gẹ́ yín ń ṣàn sí?
4. Níbo ni ìwé ẹ̀rọ yín wà?

Ẹni tó bá ka èyí fún ìyá tí kò mọ̀wé kà, ó ṣe é fún gbogbo wa. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a pàdánù làálàá wa, kò ní jẹ́ kí a fi ẹ̀yà ara wá oúnjẹ. Ọjà á tà o. Àmín.

Àwa akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni.