Ìperí fún Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Amójútó Ìpàmọ̀lára: Àyẹ̀wò láti Ilẹ̀ Okun

Bí aboyún kan láti abúlé ẹ̀bá Kàbbà bá dé ilé-ìwòsàn ìjọba ní òru, tí dókítà sì sọ pé iṣẹ́ abẹ ni yóò gba ọmọ náà jáde, ẹni méjì ni ẹ̀mí ìyá àti ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ ẹnì kìíní kò ṣòro fún àwọn ẹbí tí ó jókòó síta: dókítà ni, òun ni yóò fi abẹ ya ikùn. Ẹnì kejì ni wọn kì í sábà rí orúkọ pè. Àwọn kan ń pè é ní nọ́ọ̀sì olóògùn oorun, àwọn mìíràn ní ẹni tí ń kun ènìyàn lóorun; ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àìsí orúkọ tí ó ṣe déédéé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Ohun tí orúkọ iṣẹ́ kan kò bá sọ, àwọn ènìyàn kì í retí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà; ohun tí ìbéèrè kò bá sì bèèrè dáradára, aláìsàn kì í dáhùn rẹ̀.

Kàbbà jẹ́ ìlú àwọn Owé. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni ó wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Owé, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni a ń pè lápapọ̀ ní Okun, láti inú ìkíni wọn. Ní agbègbè yìí, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn tí ó jìnnà sí ìlú ńlá ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ tí a ń sọ yìí, nítorí pé àwọn dókítà tí ó kọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ náà kò pọ̀, ilé-ìwòsàn àwọn yunifásítì sì ni púpọ̀ nínú wọn wà. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì kan ṣáá. Ẹni tí ó ti gboyè nọ́ọ̀sì tán, tí ó tún padà lọ kọ́ ìmọ̀ yìí lọ́tọ̀, tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún un, ni. Ẹni tí ó bá rò pé àìní ni ó bí ètò yìí ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan, kí ó rántí Alice Magaw, nọ́ọ̀sì ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1906 pé ó ju 14,000 aláìsàn lọ tí òun ti ṣe iṣẹ́ yìí fún láìsí ikú kan tí oògùn náà fà.

Ìperí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ìkunilóorun. Ó rọrùn láti pè, aláìsàn sì mọ ohun tí oorun jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fojú fò dá. Lóde òní, ọ̀pọ̀ aboyún tí a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún kì í sùn rárá: abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún sí àárín eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìdajì ara a sì kú, ṣùgbọ́n obìnrin náà yóò máa sọ̀rọ̀, yóò sì gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì fún ní oògùn ketamine, tí àwọn ilé-ìwòsàn kéékèèké ń lò gan-an nítorí pé kì í sábà dá èémí dúró, lè la ojú sílẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí abẹ ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Oorun wo ni ènìyàn ń sùn tí ojú rẹ̀ là? Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá ń sùn, bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún un, yóò jí. Kókó ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe oorun, bí kò ṣe ìmọ̀lára tí a mú kúrò fún ìgbà díẹ̀. Èyí náà ni Oliver Wendell Holmes rí ní 1846, ní kété tí Morton ti lo ether ní gbangba ní Boston ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún náà: ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àìní ìmọ̀lára ni ó dábàá pé kí wọ́n fi pe ohun titun náà.

Nítorí náà, ìpàmọ̀lára ni ó yẹ kí ó jẹ́ orí ìperí. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ bá ti apakòkòrò mu, tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ rẹ̀, ìkunilóorun yóò dúró fún irú èyí tí ó mú gbogbo iyè lọ. Ìpàmọ̀lára ìdajì ara fún ti abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ìpàmọ̀lára ojú-kan fún irú èyí tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́ tàbí yọ eyín. Oògùn ni apàmọ̀lára. Bí a bá tún pe ènìyàn ní apàmọ̀lára, oògùn àti ẹni tí ń lò ó yóò dàpọ̀, orúkọ náà yóò sì dà bí ti ẹni tí ń pani. Nọ́ọ̀sì amójútó ìpàmọ̀lára gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé fífún ni ní oògùn kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mímójútó ni ó kù.

Ìperí inú ìwé kò tó lẹ́bàá ibùsùn, níbi tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù lọ ni ó léwu jù lọ. Bí ó bá bèèrè pé, “Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?” tí obìnrin náà sì ní òun kò jẹun, kò purọ́. Jíjẹun ni kí ènìyàn jókòó ti oúnjẹ gidi. Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí iyán ti níyì láàárín oúnjẹ, ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan òkèlè lè sọ láìṣiyèméjì pé òun kò tíì jẹun láti òwúrọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná ni ó mu, mímu sì ni. Obì ni ó jẹ, ṣùgbọ́n obì kì í ṣe oúnjẹ. Àgbo ni ó mu, ṣùgbọ́n oògùn ni àgbo. Òfin iṣẹ́ náà sì ni pé, níbi tí àyè bá wà, kí wákàtí 6 ti kọjá lórí oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì tó wákàtí 2 lórí omi lásán. Ìrọbí pàápàá a máa mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Nígbà tí iyè bá lọ, ikọ́ tí ń lé nǹkan jáde kúrò lọ́nà èémí a bá a lọ, ohun tí ó bá sì ru sókè láti inú ikùn a wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà Curtis Mendelson ti ṣàlàyé ewu yìí láàárín àwọn aboyún ní 1946. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀jẹun ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n níhìn-ín, bí wọ́n ṣe pa á gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ìbéèrè tí ó dára ni: “Ìyá, láti alẹ́ àná, kí ni ó ti kọjá ní ọ̀fun yín? Ẹ̀kọ ń kọ́? Obì ń kọ́? Àgbo ń kọ́?”

Bákan náà ni “Ṣé ẹ ní àìsàn kankan?” rí. Púpọ̀ ni kò ní fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ àìsàn, pàápàá ní alẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sábẹ́ abẹ. Ó sàn kí nọ́ọ̀sì bèèrè nípa oògùn tí wọ́n ń lò nílé, nípa èémí tí ń há lálẹ́, nípa eyín tí ń mì, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí tí nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìfọwọ́sí àti ìyọ̀ǹda pẹ̀lú: ọkọ tàbí bàbá lè wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda jẹ́ ti aláìsàn fúnra rẹ̀ bí ó bá lè sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ àlàyé. Nínú àlàyé náà, “ẹsẹ̀ yín yóò kú” jẹ́ Yorùbá tí ó péye, ó sì lè já ènìyàn láyà; “ẹ kò ní mọ ẹsẹ̀ yín lára fún wákàtí díẹ̀, yóò sì padà” ni ó yẹ. “Ẹ óò sùn” pàápàá ń béèrè ìṣọ́ra láàárín àwọn tí ń pe ikú ní sísùn nínú Olúwa.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ìhà orí ni nọ́ọ̀sì náà ń wà, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ẹ̀rọ, ọ́síjìn àti ohun èlò ìfamọ́ra wò. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 5 ni yóò máa wọn ìfúnpá, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ìfúnpá a máa jábọ́. Obìnrin náà lè sọ pé èébì ń gbé òun tàbí pé òòyì ń kọ́ òun, ọ̀rọ̀ yìí sì ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì yóò ti ara rẹ̀ sí ìhà òsì díẹ̀ kí ilé-ọmọ má bàa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀, yóò fún un ní omi àti oògùn tí ń gbé ìfúnpá sókè. Níhìn-ín ni ẹ̀jẹ̀ ríru, tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ti ń já àwọn ògbufọ̀ kulẹ̀, nítorí kò ní òdìkejì tí ó yé ni. Ìfúnpá gíga àti ìfúnpá jíjábọ́ dára jù fún ìwé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí Takuo Aoyagi ní Japan ṣe àwárí ìlànà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ó lè pe iye náà ju bí ó ti rí lọ fún aláwọ̀ dúdú. Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀sì kò lè fi ojú sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Yóò máa wo àyà bí ó ti ń lọ sókè sódò, yóò máa wo àwọ̀ ahọ́n. Bí ọmọ bá jáde tí kò ké, tí ọwọ́ kò sì tó, wọ́n lè ké sí i pé kí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ akunilóorun, àwọn ènìyàn lè rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Amójútó kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tí èémí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ, ọ̀rọ̀ náà “ó ti jí” tún ń tanni jẹ. Ojú lè là kí agbára tó padà sí ara. Nọ́ọ̀sì yóò bi í ní orúkọ rẹ̀, yóò ní kí ó gbé orí sókè fún ìṣẹ́jú-àáyá 5. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bá ni, yóò wo bóyá ẹsẹ̀ ti ń mì. Ìsọjí ì bá bá a mu, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn ti gbà á. Ìtají sàn jù, kí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é sì máa jẹ́ yàrá ìtají. Níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì amójútó yóò ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù iye oògùn tí ó lò, iye ẹ̀jẹ̀ tí ó dà àti ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́, yóò fi ìwé lé e lọ́wọ́, yóò sì kọ iye oògùn líle tí ó ṣẹ́kù sínú ìwé rẹ̀ kí ó tó bọ́ ìbọ̀wọ́.