Ojú Tí Ń Ṣọ́ Àpò Ìpínlẹ̀

Kò sí ẹgbẹ́ ìlú tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín akápò àti ayẹ̀wé-owó-wò. Ọwọ́ akápò ni owó wà. Ayẹ̀wé-owó-wò ni yóò jókòó ti ìwé lópin ọdún, tí yóò béèrè rìsíìtì àga àti tábìlì tí wọ́n ní àwọn rà. Bí akápò bá ní rìsíìtì ti sọnù, tí ayẹ̀wé-owó-wò kò sì ní agbára láti pe kápẹ́ńtà wá béèrè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò kú sí. Bí ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 125, fi Olùṣàyẹ̀wò Owó Àgbà sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fún un láṣẹ láti wo ìwé owó ìjọba ìpínlẹ̀, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa darí rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé owó ọdún bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Akọ́ńtáǹtì Àgbà, ó gbọdọ̀ gbé ìjábọ̀ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.

Agbára yìí tóbi, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ó dá lé. Agbaṣẹ́ṣe tí ó gba owó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìwé tirẹ̀ wà nílé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìwé ìsanwó pé pérépéré, kí òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, kí ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé igbó ni ó ṣì wà níbi tí ó yẹ kí aláboyún ti máa bímọ. Agbára láti pe ènìyàn wá jẹ́rìí, àti láti fi ìwé àṣẹ mú ẹni tí ó bá kọ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni abala 128 àti 129 gbé e fún. Nítorí náà, òfin ìpínlẹ̀ tí yóò jẹ́ kí Olùṣàyẹ̀wò lè pe agbaṣẹ́ṣe, kí ó sì lọ wo ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe àṣejù.

Ibì kan wà tí òfin ìpínlẹ̀ kò lè dé. Abala 125 kan náà sọ pé Olùṣàyẹ̀wò kò ní ṣe àyẹ̀wò ìwé owó àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀. Olùṣàyẹ̀wò aládàáni ni wọn yóò gbà. Ó kàn lè yọjú sí wọn láti ìgbà dé ìgbà, kí ó sì sọ èrò rẹ̀ lórí ìwé wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí èyí yí padà, àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni kí ó béèrè.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé irú agbára bẹ́ẹ̀ lè di pàṣán fún àwọn alátakò. Ẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí Gómìnà ni ó ń yan Olùṣàyẹ̀wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé sì gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Ààbò tí ó dára jù ni kí ó máa wádìí, kí ó má ṣe máa dájọ́. Ti owó iṣẹ́ tún wà ńbẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí à ń yẹ̀wò ni yóò máa fún Olùṣàyẹ̀wò ní owó ọkọ̀, a fún ọdẹ níbọn láìfún un ní ẹ̀tù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé òfin FOI ti ọdún 2011, tí ó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlú lè fi lẹ́tà béèrè ìjábọ̀ Olùṣàyẹ̀wò. Ọjọ́ méje ni òfin fi sílẹ̀ fún èsì. Bí ó bá dé, kí akọ̀wé wá orúkọ ìlú wọn nínú rẹ̀, kí àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ sì rìn dé ibi tí wọ́n ní iṣẹ́ náà wà.